Ẹ̀ka Pupa Lára Igi Duilio

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Karùn-ún, Zelinda Tacconi ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ó sì gbójú sókè wo igi sípírẹ́sì tó wà lẹ́nu géètì Orlanda ní òdìkejì ọ̀nà. Ó ti ń wo igi náà lójoojúmọ́ láti oṣù Kẹrin. Á wo ìsàlẹ̀, á wo àárín, á wá wo ṣóńṣó orí. Tó bá ti rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣì tutù, á mí kanlẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, ní ìhà tó kọjú sí ọ̀nà, níbi tó ga ju òrùlé lọ díẹ̀, ó rí ẹ̀ka kan tó pọ́n. Ẹ̀ka náà kò tóbi ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ lọ. Garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sínú bàtà rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Ẹni tí kò gbé Poggiarso rí lè rò pé àsọdùn ni mò ń sọ. Ẹ̀ka igi kan ṣoṣo, kí ló wá ní í ṣe pẹ̀lú àyà obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta? Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní sípírẹ́sì, igi gíga tí ewé rẹ̀ ń tutù láti ọdún dé ọdún, ní abúlé wa. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ dúró fún wa, òun ló sì ń sọ fún àlejò pé ibi báyìí ni ilé lágbájá ti bẹ̀rẹ̀. Tí sípírẹ́sì ẹnì kan bá pọ́n, àwọn ará abúlé á ní onílé náà ti di ọ̀lẹ tàbí pé ikú ti ń wá a bọ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í sì í rọra sọ ọ́. A lẹ́nu, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ní ti Zelinda, kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú igi náà tó o. Ulisse, bàbá rẹ̀, ló gbin mọ́kànlá sẹ́bàá ọ̀nà tó wọ ilé wọn, láti ara hóró ni wọ́n sì ti hù. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń tẹ̀ lé e kiri. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ká èso rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á fi sójú fèrèsé kó lè là fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé inú agolo ni wọ́n ti ń gbin hóró rẹ̀, pé abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ń gbé e sí fún ọdún kan gbáko, pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń kó o lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Èèyàn á bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á fi í sílẹ̀, nítorí èyí tó bá ń mu omi jù máa ń sanra lásán ni, ẹ̀fúùfù kan báyìí á sì là á sí méjì. Kí yìnyín tó dé, wọ́n á fi aṣọ jíjá rọra dì í lára kí ẹ̀ka má bàa ya. Wọn kì í lo wáyà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ tún un ṣe, etí ewé tútù ni wọ́n ń gé, wọn kì í gé e dé ibi igi gbígbẹ inú, torí ibẹ̀ kì í tún rúwé mọ́ láéláé. Gbogbo abúlé ló ń pe Zelinda sí igi wọn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun. Àní, ó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Igi ẹnu géètì Orlanda yìí, òun náà ló fún un. Nígbà tí Orlanda Mazzuoli bí Duilio, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, Zelinda ló gbé ọmọ náà lọ́wọ́ níwájú Fáda lọ́jọ́ ìsàmì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní komáre, bí àwọn obìnrin ọ̀dọ̀ wa tí ọmọ ìsàmì bá so pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀bùn tó mú lọ fún ọmọ ni ọ̀gbìn sípírẹ́sì kan tó ga tó ìka ọwọ́, látinú agolo bàbá rẹ̀. Nígbà tí Duilio pé ọmọ ọdún márùn-ún, á máa fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà láti mọ ẹni tó ga jù. Igi ló borí. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, òkúta já lé e lórí níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Ọdún karùn-ún rèé. Lálaalẹ́, tí Orlanda bá ti fọ abọ́ tán, á jáde síta, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi náà, á ní, "Ó dàárọ̀ o, bàbá mi." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwa tí à ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́.

Zelinda dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi, ó ń wo ẹ̀ka pupa náà. Ó mọ ohun tó jẹ́, ó sì mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Òun ló gbé e wá.

Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú mọ́kànlá bàbá rẹ̀ yọ ẹ̀ka pupa. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dá ni. Kí ojú tó mọ́, ó ti mú àlùmọ́gàjí ńlá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gé ẹ̀ka náà, ó sì fi dáná búrẹ́dì. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn tún pọ́n. Ó gé e. Ó rí oje tó ń ṣàn lára èèpo níbi tí ó ti bó, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀dá kì í mú igi sunkún báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ pé igi Zelinda ń ṣàìsàn, Zelinda tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìtọ́jú igi? Ó ń gé e, ó ń jó o, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu àlùmọ́gàjí. Ẹnikẹ́ni kò rí i.

Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹwàá, àkókò adé ewé tó. Níbòmíràn, wọ́n lè gbé òdòdó èyíkéyìí lọ sí ibojì lọ́jọ́ àwọn òkú. Lọ́dọ̀ tiwa, ewé igi ẹnu ọ̀nà ilé ẹni la fi ń hun adé fún òkú ilé ẹni. Tí ewé bá ti ara igi ilé ẹlòmíràn wá, ìtìjú ni. Zelinda ló ń lọ láti ilé dé ilé gé e, apá kan kíkún fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Òjò sì máa ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà láìkùnà. Ilé tirẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, ó wọ ilé mẹ́rìnlá nínú òjò winniwinni, ó sì parí rẹ̀ sọ́dọ̀ Orlanda, torí pé ọ̀dọ̀ Orlanda ni kọfí àti èso ẹ̀sínnẹ́tì sísun wà. Àlùmọ́gàjí kan náà ló fi gé gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí oṣù Kẹrin ọdún yìí máa fi wọlé, abúlé ti pọ́n káàkiri. Ìjọba rán ẹ̀ṣọ́ igbó kan sí wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ́ Bruschi, ó sì pe gbogbo wa jọ sí ṣọ́ọ̀bù Settimio. Settimio ń ta iyọ̀, ó ń ta tábà, ó ń ta kọfí, ó sì ń pín òfófó lọ́fẹ̀ẹ́.

Bruschi ní, "Àrùn ni, kì í ṣe ọ̀dá. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, pàápàá nígbà òjò. Tí abẹ bá gé igi tó ní in, tí wọn ò fi sípírítì nu abẹ náà, tí wọ́n tún fi gé òmíràn, ó ti ràn nìyẹn. Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, igi ta ló kọ́kọ́ mú?"

Kó tó sọ tán, Settimio ti dáhùn. "Ṣé ẹ tún ń bèèrè ni? Dókítà eléyín ará Florence yẹn ni! Ẹni tó ń ṣe eyín fún èèyàn, tó ra ilé àwọn Passeri. Ẹ ò rí àwọn sípírẹ́sì inú ìkòkò tó fi ọkọ̀ kó wá, gbogbo wọn rí bákan náà bí eyín tó ń tà!"

"Igi ọjà!" ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn.

"Igi ọjà ni o. Ta ló ń ra sípírẹ́sì? Ṣé ata rodo ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Zelinda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iyọ̀. Ó ń fojú inú ka àwọn ilé náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra: tirẹ̀, ti Passeri àtijọ́, ti Settimio fúnra rẹ̀, títí dé òpin. Bí igi ṣe ń pọ́n kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́ ló bá ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó máa rí i. Ó dúró de ẹni tó máa rí i. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó ra iyọ̀ tí kò nílò, ó gbé e lọ sílé.

Bruschi fi ọ̀dà funfun sàmì sára àwọn igi tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé lulẹ̀. Mẹ́rin nínú mọ́kànlá Ulisse ló gba àmì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé wọn, àwọn obìnrin abúlé wá kí Zelinda bí ẹni kí ọlọ́fọ̀. "Pẹ̀lẹ́ o. Eléyín yẹn mà bà ọ́ láyé jẹ́ o." Ó ń dáhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé. Dókítà eléyín fúnra rẹ̀ wọ abúlé lọ́jọ́ Sátidé, ó ń kí èèyàn káàárọ̀, wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí i. Kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Zelinda ń fi tu ara rẹ̀ nínú: igi Duilio kò pọ́n. Bóyá òjò ti fọ àlùmọ́gàjí kó tó débẹ̀, bóyá Ọlọ́run ṣàánú. Ó ń wò ó lójoojúmọ́. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Bruschi ti ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹní ń kọ́ ọmọdé: kí wọ́n tètè gé ẹ̀ka náà lọ́jọ́ tí kò sí òjò, kí ibi tí wọ́n máa gé jìnnà sí egbò ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí wọ́n fi sípírítì nu abẹ, kí wọ́n jó ẹ̀ka. Tí egbò bá fi lè dé ara igi gan-an, ó tán, gbogbo igi ló máa lọ. Ẹ̀ka náà ṣì kéré. Èèyàn lè gbà á là. Ṣùgbọ́n Orlanda kò rí i, ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Zelinda á ní láti sọ fún un, Orlanda á sì bèèrè bó ṣe débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ìrì ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́rú, ó di ẹyin mẹ́fà sínú aṣọ, ó sọdá ọ̀nà. Ó ti pinnu. Orlanda gba ẹyin, ó fi àga hàn án, kò sì jẹ́ kó lanu.

"Komáre, wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi ní ilé ìwòsàn Siena! Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ojú mi."

"Háà, mo bá ọ yọ̀ o."

"Dókítà bi mí pé kí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí. Mo ní igi mi ni. Mo fẹ́ rí i láti ìdí dé orí. Òkùnkùn lásán ni mò ń rí lókè yẹn. Ìwọ tó lójú, báwo ló ṣe rí?"

Zelinda wo ilẹ̀. "Ó ga," ni ó sọ.

"Mo mọ̀ pé ó ga! Ṣé ó rẹwà?"

"Ó rẹwà."

Bó ṣe dìde nìyẹn, ó ní òun gbé nǹkan kaná. Nígbà tó délé, ó jókòó síbi tábìlì ìdáná, ó sọkún, inú sì bí i sí ara rẹ̀ débi pé kò jẹun.

Ó wá rò ó pé òun lè yọ́ gé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó yọ, ó gbé àkàbà tí wọ́n fi ń ká ólífì lé èjìká, ó sọdá. Kò tíì gbé e ti ara igi tán tí ajá Orlanda fi bú sígbe.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Orlanda ti jáde láti fèrèsé.

"Èmi ni! Èmi ni o!"

"Zelinda? Kí lò ń wá?"

"Ológbò mi ni mò ń wá."

Orlanda yọ orí jáde. "Ológbò wo?"

Zelinda kò ní ológbò. Ológbò tó ní kẹ́yìn ti kú ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ó gbé àkàbà, ó sáré padà sílé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹkún ni, èmi gan-an ì bá ti rẹ́rìn-ín dákú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ rárá. Ó yọ awò awọ̀nàjíjìn tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣọdẹ jáde, á dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, á máa wo ẹ̀ka náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pupa náà ti ń lọ sínú. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Orlanda jókòó tì í, ó na ìwé orin sí i kó bá òun kà á, Zelinda kò sì rí lẹ́tà kankan. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ka kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá bí ewé tó fẹ́ gbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Settimio sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra tábà pé Bruschi ń padà bọ̀ lọ́jọ́rú pẹ̀lú ọ̀dà funfun rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Zelinda sọdá ọ̀nà. Kò mú ẹyin dání. Orlanda wà nídìí tábìlì, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́.

"Jókòó. Ṣé o ti rí ológbò ọ̀hún?"

"Komáre, igi Duilio ti ní àrùn náà."

Ọwọ́ Orlanda dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo rí i. Lókè, níhà ọ̀nà. Kì í ṣe eléyín ló kó o wá. Èmi ni. Tèmi ló kọ́kọ́ mú."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù Kẹjọ tó kọjá."

Orlanda fi ìka ti èèpo ẹ̀wà kan síwájú, ó fà á padà. "O wá síbí ní oṣù Kẹwàá, o gé adé ewé ọmọ mi."

"Mi ò mọ̀ pé abẹ ló ń gbé e kiri. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé igi rẹ ń ṣàìsàn."

"Mo mọ̀."

"O jókòó sórí àga yẹn, o ń mu kọfí mi, o mọ̀."

"Mo mọ̀. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé Zelinda ò lè tọ́jú igi ara rẹ̀."

Orlanda ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni Orlanda sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Dókítà eléyín yẹn kí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹ káàárọ̀, ìyá. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èmi, àgbàlagbà, mo tutọ́."

Orlanda dìde kúrò nídìí tábìlì.

"Ṣé èèyàn ṣì lè gé e?"

"Tí n bá gùn ún báyìí."

"Kí lo wá ń jókòó fún? Lọ gbé àkàbà rẹ!"

Ó gbé àkàbà, ó gbé ayùn kékeré kan àti ọ̀bẹ, ó gbé ìgò sípírítì. Orlanda fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó sì fi àyà tì í. Zelinda gùn ún. Nígbà tó débẹ̀, ó ya ewé sápá kan sápá kejì, ó rí egbò náà: èèpo tó ti rì wọnú, oje tó ti dì bí abẹ́là.

"Báwo ló ṣe rí?" Orlanda pè láti ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

"Ó ti wọlé díẹ̀."

"Má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi mọ́. Ó ku mélòó kó dé ara igi?"

Zelinda fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. "Ìka méjì."

"Bruschi sọ pé ìbú àtẹ́lẹwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọjọ́ mélòó lo ti rí i?"

Ó ṣeé ṣe fún un láti ní àná lòun rí i. Òkè ló wà, Orlanda kò lè rí ojú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ó ní.

Àkàbà náà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Zelinda di ara igi mú, ó ń retí. Ọwọ́ Orlanda kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, ó rẹlẹ̀: "Gé e."

Ó gé ẹ̀ka méjèèjì mọ́ ara igi pátápátá, ó fi ọ̀bẹ ha èèpo yí ká títí tó fi rí igi funfun, ó sì ń da sípírítì sí abẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, kí ewé kan má bọ́ sílẹ̀. Wọ́n jó o lẹ́yìnkùlé. Orlanda kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí iná kú, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, Bruschi gun igi náà, ó wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì ṣí ike ọ̀dà. Ó ní òun kò lè sọ nǹkan kan. Kí wọ́n dúró di oṣù Kẹwàá, nígbà tí ewé bá ń já lára àwọn igi inú igbó. Tó bá ṣì tutù nígbà náà, ó bọ́. Tó bá pọ́n, ẹ̀rọ ayùn ni. Lójú gbogbo èèyàn tó pé jọ, Zelinda wá sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀, pé àlùmọ́gàjí òun ló gbé e kiri. Settimio la ẹnu, ó pa á dé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa rí i tí ọ̀rọ̀ tán nínú rẹ̀. Zelinda kọ lẹ́tà sí dókítà eléyín náà. Èsì kò wá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà gùn. Kò sẹ́ni tó pè é sí igi mọ́. Tí Orlanda bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á ní, "Zelinda, ẹ kú ọ̀sán," bí ẹni ń kí aláṣẹ ìjọba. Komáre ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Zelinda á gbé awò, á wo àlàfo tó wà lára igi náà, á wá bóyá pupa ń yọ. Ní oṣù Keje, ó rí ewé kan tó ṣú, kò sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ẹyẹ ló kọ́ ilé síbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ojú Orlanda tán, ó rí i lẹ́nu géètì, bàńdéèjì bo ojú kan, ó ń fi ojú kejì wo òkè. Ó dúró níbẹ̀ títí. Àlàfo náà kò kéré. Zelinda fa aṣọ fèrèsé, ó kúrò níbẹ̀.

Oṣù Kẹwàá parí bọ̀. Igi náà tutù. Bruschi wá, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó jọ pé ó bọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gé ewé lọ́dún yìí, ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ni, kó sì gé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ra òdòdó ní Siena lọ́dún náà, ojú sì ń ti àwọn òkú wa, mo mọ̀. Zelinda fi aṣọ wé àlùmọ́gàjí bàbá rẹ̀, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn òkú, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Orlanda ni. Kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn láti oṣù Karùn-ún. Ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ gaara. Ìgò sípírítì wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan.

"Mo fẹ́ hun adé ewé ọmọ mi. Àlùmọ́gàjí rẹ dà?"

Zelinda lọ yọ ọ́ jáde. Ó da sípírítì sí i, ó nù ún, ó ṣí i, ó tún nu inú rẹ̀. Ó nà án sí Orlanda kó wò ó.

Orlanda kò gbà á. "Tún un ṣe. Sún mọ́ fèrèsé, kí n lè rí i."

Zelinda sún mọ́ fèrèsé. Ó tún da sípírítì sí i, ó nu abẹ àkọ́kọ́, ó nu èkejì, ó nu ibi tí ìṣó gbé so wọ́n pọ̀. Orlanda tẹ̀ síwájú, ó fi ojú tuntun rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé aṣọ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó dúró títí abẹ fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó yíjú wo sánmà lókè pápá ólífì, níbi tó ti ń ṣú.

"Ó yá, komáre," ó ní. "Kí òjò tó dé."